A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Òṣogbo: ẹgbẹ́ wo ni kí ìdílé wa wọ̀ nínú ìjọ?

Àlejò_Òkè_Fìà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará mi nínú Kristi. Abẹ́òkúta la ti wá. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé Òṣogbo, a sì ń gbé lápá Òkè-Fìà. Ìjọ tí à ń lọ gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀, mo dúpẹ́. Ohun tó wá ń dààmú mi ni ìkéde tí wọ́n máa ń ṣe kí Mísà tó parí: CWO (ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Àgùdà) ń ṣèpàdé, CMO (ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin Àgùdà) ń ṣèpàdé, Legion of Mary, Ọkàn Mímọ́ Jésù, St. Vincent de Paul, Charismatic, akọrin, wọ́ọ̀dìn, Block Rosary. Bí mo bá jáde báyìí, ìyá kan á fà mí lápá ọ̀tún, òmíràn á fà mí lápá òsì. Inú mi dùn pé wọ́n fẹ́ wa, ṣùgbọ́n ọjà ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba, ọkọ mi sì máa ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Owó ẹgbẹ́ ńkọ́? Aṣọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Ṣé dandan ni kéèyàn wọ ẹgbẹ́ ná? Ẹnìkan tún ti bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ nípa àwọn Knight, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin kan nínú Ìjọ Àgùdà, àmọ́ ó ní òun ò fẹ́ ohunkóhun tó bá jọ awo. Ọmọ wa ọkùnrin ti pé ọdún 14, obìnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílùú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá_Àgbà_Zone

Ẹ káàbọ̀ sílùú aró, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí Òṣogbo tù yín lára.

Kó tó kan ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọ. Ẹ mú káàdì ìrìbọmi yín dání, káàdì ìgbéyàwó, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ Fadá yín ní Abẹ́òkúta. Katikíìsì ni kẹ́ ẹ béèrè, òun ni yóò sọ zone, ìyẹn ìpín àdúgbò nínú ìjọ, tí ilé yín bọ́ sí fún yín. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, zone ṣe pàtàkì ju ẹgbẹ́ lọ, torí àwọn ará zone ló ń gbé nítòsí yín. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, àwọn lẹ máa rí kẹ́ ẹ tó rí ẹnikẹ́ni.

Ní ti CWO, ìyẹn ò sí lára ohun tí obìnrin ń ṣà. Àgbà obìnrin tó bá ti jẹ́ Àgùdà, CWO ni. Ẹni tó wà nínú Legion, CWO ni. Ẹni tó ń kọrin, CWO ni. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Bákan náà ni CMO rí fún ọkọ yín, àti CYON fún àwọn ọ̀dọ́.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé aṣọ ankara àti gèlè ni CWO. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú mi rí. Ìyàwó kékeré kan ní zone wa bímọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà, ìyá rẹ̀ sì wà lọ́nà jíjìn. Àwọn obìnrin pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Ẹni tó gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì lọ lónìí, ẹlòmíràn á gbé ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín lọ lọ́la, ẹnìkan ń fọ aṣọ ọmọ, ẹnìkan ń mú ọmọ àkọ́bí rẹ̀ lọ sílé ìwé. Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ rẹ̀ ló bú sẹ́kún nígbà tó wá dúpẹ́. CWO nìyẹn. Ọjọ́ Ìyá tí à ń ṣe ní Ọjọ́ Àìkú kẹrin Lẹ́ńtì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún lẹ máa fi mọ ìjọ tó ní obìnrin.

Tẹ́nọ̀_Máàjò

Ẹgbẹ́ akọrin: ìfidánrawò ń bẹ láàárín ọ̀sẹ̀, ó tún ń bẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí Kérésìmesì tàbí Ọdún Àjíǹde bá sì ti ń sún mọ́lé, á di ojoojúmọ́. Bí ọjà kò bá ní jẹ́ kẹ́ ẹ máa wá, ẹ má tíì wọ̀ ọ́. Ohùn dídùn tí kò wá ìfidánrawò máa ń da àwọn yòókù rú. Orin Yorùbá ló pọ̀ jù ní Mísà àkọ́kọ́ níbi tiwa, ẹ máa gbádùn rẹ̀ láti orí ìjókòó yín náà.

Arábìnrin_Tẹ́sẹ́rà

Mo kí yín, ẹ̀gbọ́n. Legion of Mary ni tèmi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé dáadáa torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn ìyá arúgbó tó ń ka ròsárì nìkan ni wá.

Ní Dublin, nílẹ̀ Ireland, ni Frank Duff àti àwọn obìnrin díẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1921. Láti ìgbà náà, ìpàdé kò yí padà. Tẹ́ ẹ bá wọlé lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ máa rí tábìlì kékeré kan tí a fi aṣọ funfun bò, ère Ìyá wa Màríà ní àárín, òdòdó lọ́tùn-ún lósì, àbẹ́là méjì tó ń jó, àti àsíá kékeré níwájú. A ó ka ròsárì lórí ìkúnlẹ̀, a ó ka ìwé ẹ̀mí díẹ̀, akọ̀wé á ka ohun tí a ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe orúkọ oníkálukú pé kó jábọ̀. Ibi tó lágbára níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ti rán yín ní méjì méjì lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan: aláìsàn lọ́sibítù, tọkọtaya tí kò tíì ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí kò wá Mísà mọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Ẹ máa sọ bó ṣe lọ. Ohun tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń kú sí.

Owó ọranyàn kò sí. Àpò ìkọ̀kọ̀ kan là ń gbé kiri, ọwọ́ gbogbo èèyàn ló ń wọnú rẹ̀. Bóyá ẹ fi nǹkan sí i, bóyá ẹ ò fi, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. A kì í sì í pín owó tàbí oúnjẹ fún ẹni tí a bẹ̀ wò, òfin wa ni. Bí ẹni náà bá nílò rẹ̀, a ó sọ fún àwọn St. Vincent de Paul.

Ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ gidi yóò wà lórí ìdánwò fún oṣù 3 kó tó ṣèlérí. Ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ṣeé yẹ̀, iṣẹ́ náà á sì gba bíi wákàtí 2 lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà, ẹ lè di auxiliary, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń fi àdúrà ṣèrànwọ́. Ẹ kò ní wá ìpàdé, àdúrà inú Tessera (ìwé àdúrà kékeré ti ẹgbẹ́ wa) àti ròsárì ni ẹ ó máa kà lójoojúmọ́. Ẹ lè kà á nínú ọkọ̀, ẹ lè kà á ní ìsọ̀ kí oníbàárà tó dé. Àwọn tó ń jáde lọ gbára lé àdúrà yẹn gidigidi. Edel Quinn tó gbé Legion wá sí ìlà-oòrùn Áfíríkà ní 1936, ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti bá jà ni, ó sì ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní Nairobi ní 1944. Mo máa ń rántí rẹ̀ bó bá rẹ̀ mí.

Baba_Vincent

Arábìnrin yìí ti ṣí ilẹ̀kùn fún mi. St. Vincent de Paul ni mo wà, ọkọ yín ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni, iṣẹ́ alẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe yẹn gan-an ló bá ẹgbẹ́ wa mu. Ẹ máa wà nílé lọ́sàn-án lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sùn díẹ̀. Ọ̀sán làwọn tí à ń bẹ̀ wò máa ń dá wà: bàbá tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, opó tí onílé ti fún ní ìwé àjáde. Ọmọ ọdún 20 ni Frédéric Ozanam nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì dá a sílẹ̀ ní Paris ní 1833, torí náà kò sí pé ẹnì kan kéré jù tàbí ó dàgbà jù. Gáàrí, ìrẹsì, oògùn, owó ilé, ohun tí àpò bá ká la máa ń ṣe. A máa ń jókòó pẹ̀lú wọn. A kì í ya fọ́tò, a kì í dárúkọ wọn ní ìkéde. Òṣogbo kéré, Mùsùlùmí àti Kristẹni la jọ ń gbé ojúlé kan náà, a kì í sì í béèrè ìjọ tí ẹni tí ebi ń pa ń lọ kí a tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọkùnrin kò pọ̀ tó nínú wa. Ó dùn mí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ síta. Bí ìkórè bá dé, ọkùnrin á kún iwájú. Bí a bá ní kí a lọ wo aláìsàn, obìnrin nìkan lẹ máa rí.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Ẹ sọ fún ọkọ yín kó fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Knight. Onitsha ni wọ́n ti dá Knights of St. Mulumba sílẹ̀ ní 1953, Fadá Anselm Ojefua ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tó sì fà á ni pé àwọn ọkùnrin Àgùdà tó ní ipò nígbà náà ń wọ awo kiri nítorí iṣẹ́ àti àtìlẹ́yìn. Fadá ní ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ẹgbẹ́ tí wọ́n á ti máa ran ara wọn lọ́wọ́ láìta ẹ̀sìn wọn. Mulumba fúnra rẹ̀ jẹ́ ìjòyè ní Buganda, nílẹ̀ Uganda, wọ́n pa á ní 1886 nítorí Kristi, Póòpù Paul Kẹfà sì sọ ọ́ di ẹni mímọ́ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964.

Àwọn Knights of St. John tún wà lọ́tọ̀, àwọn tó ń mú idà dání pẹ̀lú fìlà oníyẹ̀ẹ́. Idà yẹn ló ń da ẹ̀rù bo ọ̀pọ̀ èèyàn. Aṣọ ayẹyẹ ni, níwájú pẹpẹ ni wọ́n ń mú un jáde, gbogbo ojú ló ń rí i.

Awo tí Ìjọ kọ̀ ńkọ́? Ó wà. Ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 1983 ni Rome tún sọ ọ́ ní gbangba pé Àgùdà tó bá wọ ẹgbẹ́ Freemason wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, kò sì lè gba Ara Kristi. Nítorí náà, ìbéèrè tí ọkọ yín béèrè dára, ọgbọ́n ni.

Àmọ́ mo máa fi kún un pé kò yẹ kó jẹ́ ẹgbẹ́ tí ọkùnrin á kọ́kọ́ wọ̀ nílùú tuntun. Wọ́n á wádìí bó ṣe ń gbé, wọ́n á wo ìgbéyàwó rẹ̀, aṣọ àti ètò rẹ̀ sì ń gba owó tó tó owó. Kó ṣiṣẹ́ ní zone àti CMO ná. Bí àwọn ará bá ti mọ̀ ọ́n, àwọn Knight fúnra wọn á tún wá a wá.

Àlejò_Òkè_Fìà

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Ọkọ mi jókòó tì mí, òun ló ń kà á sókè. Ó ní Baba Vincent ti mú òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mi ò fẹ́ béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnìkan sọ fún mi lọ́jà pé bí èèyàn kò bá san owó ẹgbẹ́ tàbí owó ìkórè, lọ́jọ́ tó bá kú wọn á ṣí ìwé, wọ́n á ní kí ẹbí san gbèsè kí Fadá tó wá. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú wa, àgbà ti dé sí i.

Ọmọ_Séminárì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè rẹ̀ síta. Mo kàwé díẹ̀ ní séminárì kí n tó ṣègbéyàwó, mo lè sọ ohun tí òfin Ìjọ wí.

Òfin 1181 sọ pé ní ti ìsìnkú, wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe ojúsàájú, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi ìsìnkú tó yẹ du tálákà. Òfin 848 sọ irú rẹ̀ nípa sákírámẹ́ntì: kí àìlówó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàdánù rẹ̀. Bó ti wà nìyẹn, kò sí ẹgbẹ́ tó lè fi òfin tirẹ̀ borí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìwé gbèsè níwájú òkú, ẹ lọ bá Fadá tààrà. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú, ọ́fíìsì Bíṣọ́ọ̀bù ń bẹ ní Òṣogbo níbí. Láti 1995 tí wọ́n ti yọ wá kúrò lára dáyósíìsì Ọ̀yọ́ ni a ti ní Bíṣọ́ọ̀bù tiwa, Gabriel Abegunrin ló kọ́kọ́ jẹ, John Oyejola ló wà níbẹ̀ láti 2016.

Ẹ béèrè bóyá dandan ni kéèyàn wọ ẹgbẹ́. Òfin 215 ní ẹ̀tọ́ ọmọ Ìjọ ni láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ àti láti bójú tó o. Ẹ̀tọ́ kì í ṣe túláàsì. Òfin 307 sì gbà kí ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ. Ohun tó jẹ́ dandan fún yín ni Mísà Ọjọ́ Àìkú àti ríran Ìjọ lọ́wọ́ bí agbára yín bá ṣe mọ.

Akápò_Mẹ́ta_Nínú_Ọ̀kan

Mo gbà pẹ̀lú àbúrò mi yìí pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì, torí mo ti jẹ akápò rí.

Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Oúnjẹ tí Ìyá Àgbà sọ pé wọ́n gbé lọ fún ìyá ọmọ yẹn, ẹnìkan ló ra èlùbọ́ rẹ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ibi tí ẹni tí kò ní ti ń fi ara pamọ́, tí kò wá ìpàdé mọ́ nítorí ìtìjú, tí gbèsè fi ń gùn. Mo gbé nílùú kan rí níbi tí ẹgbẹ́ kan ti mú ìwé owó jáde nígbà tí aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lára àwọn ọmọ. Mi ò lè gbàgbé ojú ọmọbìnrin àgbà wọn. Kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ níbikíbi.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ tọ ààrẹ tàbí akápò lọ ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé, kẹ́ ẹ sọ iye tí agbára yín ká lóṣù. Akápò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Ẹ gba rìsíìtì gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá san. Bí ọdún bá parí, ẹ retí kí wọ́n ka ìṣírò owó sétí ìgbọ́ gbogbo ẹgbẹ́, torí òfin 1287 fẹ́ kí ẹni tó ń ṣọ́ owó Ìjọ jíhìn fún àwọn tó dá a. Ẹgbẹ́ tí kì í ka ìṣírò, ẹ má tíì wọ̀ ọ́.

Aṣọ? Ẹ má rà á títí ẹ ó fi lọ sí ìpàdé bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹgbẹ́ tó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ra aṣọ kẹ́ ẹ tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ó padà wá.

Ìyá_Ọmọ_Pẹpẹ

Ti àwọn ọmọ ni mo fẹ́ dáhùn. Ọmọ ọdún 14 yẹn, ẹ jẹ́ kó lọ ṣiṣẹ́ níbi pẹpẹ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ́ wọn níbi tiwa: bí a ṣe ń mú tùràrí, ìgbà tí a ń lu agogo, bí a ṣe ń rìn láìsáré. Aṣọ funfun rẹ̀, kó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kó lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo fi ìyẹn ṣe òfin nílé mi, ó sì ti kọ́ ọmọ mi ju ọ̀pọ̀ ìwàásù mi lọ. Bí ìdánwò bá ti sún mọ́, ẹ sọ fún olórí wọn kí wọ́n dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Wọ́n máa ń gbà.

Ọmọbìnrin yín, Block Rosary. Ìrọ̀lẹ́ ni, ládùúgbò, ọmọdé ló ń ṣíwájú ọmọdé. Ẹ kàn mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣe é àti àgbàlagbà tó ń dúró tì wọ́n. Ẹ lọ wò ó fúnra yín lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì máa mú un padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Òǹkàwé_Mísà_Àárọ̀

Kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọn òǹkàwé. Ẹ̀gbọ́n Àlejò, bí ẹ ṣe kọ̀wé yìí, ẹ mọ Yorùbá kà. A nílò yín. Àwọn ọmọ wa tó jáde yunifásítì ń dé ibi kíkà, wọ́n ń ka “ọkọ́” fún “ọkọ̀”, ìjọ á kàn máa wo ara wọn lójú. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 2021 ni Póòpù Francis ti yí òfin padà, tí obìnrin náà fi lè gba ipò òǹkàwé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí Ìjọ fi síni lọ́wọ́. Ẹ kàn máa ka ẹ̀kọ́ náà sókè nílé láti Ọjọ́bọ̀. Kò gba owó, kò gba aṣọ.

Àlejò_Òkè_Fìà

Mo dúpẹ́ tọkàntọkàn. A ti jọ sọ ọ́ nílé. Ọ́fíìsì àti zone lọ́sẹ̀ yìí. Èmi á máa lọ CWO, mo sì fẹ́ di auxiliary, torí mo ti ń ka ròsárì ní ìsọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ òǹkàwé yẹn wọ̀ mí lára, màá bi Fadá. Ọkọ mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ Baba Vincent. Ọmọ wa ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ funfun.

Ìyá ọkọ mi wá ńkọ́? Kò lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ó sì fẹ́ràn Ọkàn Mímọ́ Jésù láti ìgbà ọmọge rẹ̀.

Ìyá_Àgbà_Zone

Ẹ fún katikíìsì ní orúkọ màmá àti àmì ilé yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé ọ́fíìsì, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àwọn tí à ń gbé Ara Kristi lọ bá nílé. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù ni Fadá máa ń yípo níbi tiwa, ọjọ́ Ọkàn Mímọ́ gan-an ni. Kẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré kan, kẹ́ ẹ gbé àgbélébùú, àbẹ́là méjì àti omi díẹ̀ nínú ife sí i. Èmi àti àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ Ọkàn Mímọ́ á tẹ̀lé Fadá wá kí màmá, a ó sì kọrin fún un. Irú orin wo ló fẹ́ràn?

Àlejò_Òkè_Fìà

Ó ní orin Yorùbá àtijọ́ ni, ẹ ò gbọdọ̀ sáré kọ ọ́.